Ogójì Ọdún The Eye of the Earth: Ẹ Kú Oríire, Bàbá Ọ̀ṣúndáre

Ẹ kú oríire, Ọ̀jọ̀gbọ́n Níyì Ọ̀ṣúndáre! Ará Ara ló ń kí yín, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ẹdẹ níbí, níbi tí odò Ọ̀ṣun kò ti jìnnà sí wa. A mọ̀ pé Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni wọ́n ri ìwọ́ yín mọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí Ọ̀ṣun bá dá láre, ọmọ tiwa náà ni. Ìwé ewì yín, The Eye of the Earth, tó jáde n'Íbàdàn lọ́dún 1986, pé ogójì ọdún ní 2026 yìí. Bí Elédùmarè bá sì ṣe é, lọ́jọ́ kejìlá oṣù kẹta ọdún tó ń bọ̀, ẹ̀yin fúnra yín á pé ẹni ọgọ́rin ọdún. Oríire méjì ló tò léra yìí, ẹ sì jẹ́ kí n fi ẹnu kan kí yín sí méjèèjì.

Gàrí ló gbé bírò lé mi lọ́wọ́. Lóṣù tó kọjá mo yà kí ìyá àgbà kan lágboolé wa, mo bá wọn nídìí agbada tí wọ́n ń yan gàrí. Ọmọ-ọmọ wọn obìnrin jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ọmọ náà ti parí yunifásítì, ó ń kọ ewì, ó sì ń wá ọ̀nà láti lọ kàwé gboyè kejì nídìí ìkọ̀wé àtinúdá, kó lè padà wá máa fi kọ́ àwọn ọmọ. The Eye of the Earth wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀dà àtijọ́ tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, tí wọ́n fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Èéfín ń fẹ́ sí wa lójú. Ọmọ aládùúgbò kan ń jọ gàrí lẹ́yìn wa, asẹ́ ń dún sẹ̀ẹ̀sẹ̀ẹ̀sẹ̀ẹ̀. Ọmọ-ọmọ Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ewì kan lórí òjò fún mi, ó ń fi ìka lu àpótí bó ṣe ń kà á. Ìgbà tó kà á tán, Ìyá, tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá, dá igbá ọwọ́ wọn dúró nínú agbada.

"Ṣé ìlù ló wà nínú ìwé yẹn ni?"

"Ó wà níbẹ̀, Ìyá. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ àkọlé."

Òótọ́ ló sọ. Nínú ìwé yẹn, Ọ̀ṣúndáre kọ ọ́ sára àwọn ewì kan pé kí fèrè àti ìlù máa bá wọn lọ bí a bá ń kà wọ́n. Gẹ̀ẹ́sì lohùn, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tó fi ń rìn, ẹsẹ̀ Yorùbá ni. Etí ìyá àgbà aláyangàrí sì gbé e láìsí ògbufọ̀! Mo ti ka ọ̀pọ̀ àlàyé àwọn onímọ̀ lórí ewì Ọ̀ṣúndáre. Kò sí èyí tó dùn mọ́ mi tó ìbéèrè yẹn.

Nílé ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Àgbẹ̀ ni bàbá tó bí Ọ̀ṣúndáre, ó ń kọrin, ó sì ń lùlù. Oko, igbó, àpáta Ìkẹ́rẹ́, òjò àkọ́rọ̀, ìyẹn ni ilé-ìwé àkọ́kọ́. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti lọ sí Christ's School l'Ádó-Èkìtì, wọ́n dé Yunifásítì Ìbàdàn, wọ́n gboyè àkọ́kọ́ lọ́dún 1972. Lọ́dún 1974 wọ́n gboyè kejì ní Leeds, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́dún 1979 wọ́n di ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì York ní Toronto, ní Kánádà.

Ẹ dákun, ẹ wo ohun tí wọ́n lọ wádìí nínú òtútù Toronto: bí èdè méjì àti àṣà méjì ṣe ń gbé pọ̀ nínú ìwé ìtàn àròsọ àwọn ọmọ Nàìjíríà. Ọ̀rọ̀ ẹnu ara wọn ni wọ́n rù lọ sí ìlú òyìnbó, tí wọ́n tú u palẹ̀, tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹlòmíràn lọ síbẹ̀ kó lè gbọn oko kúrò lára aṣọ. Ọ̀ṣúndáre lọ, wọ́n sì mọ oko dunjú ju bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n padà sídìí iṣẹ́ olùkọ́ n'Íbàdàn ni ewì wá ya bí omi. Songs of the Marketplace jáde lọ́dún 1983, Village Voices tẹ̀ lé e ní 1984. Lọ́dún 1985 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ewì sínú ìwé ìròyìn Sunday Tribune, kí ẹni tó ra ìwé ìròyìn nítorí ọ̀rọ̀ ìṣèlú lè bá ewì pàdé níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìwé tí à ń yọ̀ lé lórí yìí dé, tó gba ẹ̀bùn ewì Commonwealth lọ́dún 1986 kan náà. Ìwé ewì wọn mìíràn, Waiting Laughters, gba ẹ̀bùn Noma lọ́dún 1991.

Àwọn ọ̀dọ́ akéwì òde òní ní ọ̀nà mìíràn. Ní Yunifásítì Iowa, l'Ámẹ́ríkà, láti ọdún 1936 ni ilé-ẹ̀kọ́ kan ti wà fún ìkọ̀wé àtinúdá, tó jẹ́ pé ìwé ewì tí akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ kọ ló máa fi gboyè. Romeo Oriogun kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, ìwé rẹ̀ Nomad sì gba ẹ̀bùn NLNG lọ́dún 2022. Inú mi ń dùn sí àwọn ọmọ wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n kí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ tó là fún wọn, olùkọ́ kan ti wà n'Íbàdàn tó jẹ́ kí wọ́n rí i pé akéwì lè dúró níwájú pátákó kó má sì dẹ́kun ewì. Ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì Yunifásítì Ìbàdàn kan náà yẹn ni Rẹ̀mí Ràjí ti dàgbà, òun náà akéwì, òun náà ọ̀jọ̀gbọ́n, tó tún ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé Nàìjíríà láti 2011 sí 2015.

Lọ́dún 1997 ni Bàbá Ọ̀ṣúndáre lọ sí Yunifásítì New Orleans, l'Ámẹ́ríkà. Omi ìjì líle Katrina bá wọn níbẹ̀ lóṣù kẹjọ ọdún 2005. Wákàtí mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni àwọn àti aya wọn fi há sábẹ́ òrùlé kí aládùúgbò tó gbà wọ́n là. Ìwé lọ, ewì tí wọn ò tíì tẹ̀ lọ, iṣẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún di ẹrẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ Franklin Pierce ní New Hampshire gbà wọ́n sílé, wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ níbẹ̀. Nígbà tó yá wọ́n tún padà sí New Orleans náà, sínú kíláàsì. City Without People, tó jáde lọ́dún 2011, ni wọ́n fi sọ ohun tójú rí. Ẹ kú oríire, Bàbá! Ẹ kú ewu! Orí yín ò gbàbọ̀dè.

Ẹ̀yin ará Ẹdẹ, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìlù inú The Eye of the Earth ṣe yín bí àjèjì. Ọba tó lùlù fúnra rẹ̀ ti jẹ ní ìlú yín. Tìmì Adétóyèṣe Láoyè, tó wà lórí oyè láti 1946 sí 1975, mọ dùndún í fọ̀, ó sì gbé kálàmù, ó kọ̀wé lórí ìlù Yorùbá kí ayé lè kà á. Ìlù àti ìwé lọ́wọ́ kan náà, a ti rí i rí.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin ìdí agbada yẹn. Ó ti fi lẹ́tà tó fẹ́ fi béèrè fún àyè ẹ̀kọ́ hàn mí tẹ́lẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ dán, ó dárúkọ àwọn akéwì ilẹ̀ òkèèrè mẹ́fà, kò sì sí ẹyọ gàrí kan níbẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, lẹ́yìn ìbéèrè Ìyá, ó gé e kúrò látòkè délẹ̀. Ó mú lẹ́tà tuntun wá fún mi lọ́jọ́ kejì. Agbada ló fi bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú èéfín, pẹ̀lú ìró asẹ́, pẹ̀lú obìnrin àgbà kan tó gbọ́ ìlù nínú èdè tí kò gbọ́. Omi bọ́ lójú mi. Ó ti fi ránṣẹ́.

Bàbá Ọ̀ṣúndáre, ẹ̀yin lẹ ṣe é. Ẹ ò mọ ọmọ yìí, ẹ ò mọ agbada yìí, ẹ sì ti wà nídìí rẹ̀ fún ogójì ọdún. Ẹ ó dàgbà, ẹ ó darúgbó, kálàmù ò ní gbẹ lọ́wọ́ yín. Ọ̀sán Sátidé tó ń bọ̀ la máa ka ìwé yín ní gbangba níbí ní Ara, láti ojú ewé àkọ́kọ́ dé ìparí. Onígángan kan ti ní òun ń bọ̀ láti Ẹdẹ. Ìyá ní kí wọ́n gbé àga òun sí iwájú, àmọ́ kí wọ́n má tíì bẹ̀rẹ̀, òun á kọ́kọ́ yan gàrí tán.