Àyè Tí Ìrẹsì Ń Fẹ́

Bí ìdílé kan ní Mínà bá rí àkùrọ̀ lọ́nà Bídà tàbí Wushishi láti fi gbin ìrẹsì, ìmọ̀ràn tí wọn yóò kọ́kọ́ gbọ́ ni pé kí wọ́n gbìn ín kí ó ki. Ìmọ̀ràn olówó iyebíye ni, nítorí owó ni yóò ná wọn.

Láti ọdún 1953 ni ìwádìí lórí ìrẹsì ti ń lọ ní Badeggi, lẹ́bàá Bídà, ní ilẹ̀ àwọn Tápà. Àyè tí àwọn onímọ̀ sábà máa ń dámọ̀ràn fún ìrẹsì àkùrọ̀ ni 20 sẹ̀ǹtímítà láti ihò kan sí èkejì, níbùú lóòró, kí ọ̀gbìn 2 tàbí 3 sì wọ ihò kọ̀ọ̀kan. Ihò 250,000 ni hẹ́kítà kan yóò gbà. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀: ẹgbẹ̀rún hóró ìrẹsì wọn nǹkan bí 25 gíráàmù, nítorí náà 40 kílò ju mílíọ̀nù kan ààbọ̀ hóró lọ. Ọ̀gbìn 750,000 ni a sì ń wá. Kí ni ẹni tí ó da 100 kílò ń ṣe, bí kò ṣe pé ó ń sin oúnjẹ ọmọ rẹ̀ sínú pòtòpótò?

Ìrẹsì máa ń yọ ọmọ láti ìdí, ọmọ wọ̀nyí ni ó sì ń so ṣírí. Níbi tí wọ́n bá ti fún mọ́ra, wọn a ga, wọn a tín-ín-rín, afẹ́fẹ́ díẹ̀ a sì dá wọn dùbúlẹ̀. Ibùsùn tí a kọ́kọ́ fún irúgbìn sí ni àléébù náà ti ń bẹ̀rẹ̀; ó yẹ kí ó tó ìdá kan nínú mẹ́wàá oko, kí a sì hú ọ̀gbìn níbẹ̀ ní nǹkan bí ọjọ́ 21. Èyí tí ó bá ti pẹ́ jù níbẹ̀ kì í yọ ọmọ púpọ̀ mọ́. Irú èyí nìkan ni mo gbà pé kí a gbìn súnmọ́ra díẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé bí àyè bá ṣe fẹ̀ tó ni ó ṣe dára tó. Ní Madagascar, ní àwọn ọdún 1980, àlùfáà Henri de Laulanié ṣe ìlànà kan tí ó ń fi ọ̀gbìn kékeré kan ṣoṣo sínú ihò kan, ní 25 sẹ̀ǹtímítà síra. Ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí a ti lè dá omi dúró kí a sì máa ro oko lemọ́lemọ́. Ẹni tí ń gbé Mínà tí ó jẹ́ Sátidé nìkan ni ó ń dé oko, koríko ni yóò jogún àyè náà.

Okùn kan tó fún wíwọ̀n: kí a so kókó sí i ní 20 sẹ̀ǹtímítà síra, kí ọmọ méjì dì í mú lórí méjèèjì.