Àpótí Inú Àjà

Ní àkókò àjọ̀dún bí irú èyí, orúkọ àwọn olùdásílẹ̀ ni a máa ń kọ́kọ́ pè, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Àwa fẹ́ yin ẹlòmíràn: ẹni tí ó pa iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn mọ́ nígbà tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè rẹ̀.

A bí Hilma af Klint ní orílẹ̀-èdè Sweden ní 1862. Àwòrán igbó, pápá àti ojú ènìyàn ni ó ń yà láti fi jẹun. Ṣùgbọ́n láti 1906 ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya èyí tí kò jọ ohunkóhun tí ojú ń rí: òbìrìkìtì, ìlà tí ó lọ́ bí ìkarahun ìgbín, àwọ̀ lórí àwọ̀. Kandinsky ará Rọ́ṣíà, tí àwọn ìwé máa ń pè ní aṣáájú irú iṣẹ́ yìí, kò tíì bẹ̀rẹ̀ nígbà náà. Mẹ́wàá nínú wọn, tí ó yà ní 1907, ga ju mítà mẹ́ta lọ; ọjọ́ ayé ènìyàn ni wọ́n ń fi hàn, láti ìgbà èwe títí dé ọjọ́ ogbó.

Ó kú ní 1944. Ó ti sọ pé kí a má ṣe fi wọ́n han aráyé títí 20 ọdún yóò fi kọjá lẹ́yìn ikú òun. Erik, ọmọ arákùnrin rẹ̀, ni ó jogún àwòrán tí ó lé ní 1,000. Ọ̀gá nínú ọmọ ogun ojú omi ni, kì í ṣe ayàwòrán. Kò tà wọ́n, kò sì dà wọ́n nù. Inú àjà ni àwọn àpótí náà wà. Ní 1986 ni wọ́n tó fi díẹ̀ nínú wọn han gbogbo ènìyàn ní Los Angeles. Nígbà tí wọ́n pàtẹ wọn ní Guggenheim ní New York ní 2018 sí 2019, ènìyàn tí ó lé ní 600,000 ni ó wá wò wọ́n.

Àwọn àlùfáà ẹlẹgbẹ́ wa yóò wí pé obìnrin náà a máa jókòó pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti pe ẹ̀mí. Òótọ́ ni, Deuteronomi orí 18 sì kà á léèwọ̀. Síbẹ̀, a kò gbà pé kí a sun iṣẹ́ nítorí àṣìṣe ẹni tí ó ṣe é. Àwọn tí ó ṣáájú wa nínú iṣẹ́ ìránṣẹ́ sun ọ̀pọ̀ ère gbígbẹ́ nílẹ̀ yìí. Lónìí, ọkọ̀ òfurufú ni à ń wọ̀ lọ wo irú wọn ní London.

Nítorí náà, bí a ti ń palẹ̀ ilé-ìwé mọ́ fún àjọ̀dún, a bẹ àwọn ọ̀gá pé kí wọ́n tú ìdì ìwé àwòrán àwọn ọmọ wò kí wọ́n tó dáná. Àwa náà ti dá irú iná bẹ́ẹ̀ rí, ní ẹ̀yìn ilé oorun wa, ní ìparí ọdún. Ìwé ẹlẹgbẹ́ wa kan wà níbẹ̀, ìlà àti àwọ̀ nìkan ni ó kún inú rẹ̀. A ṣí i, a rẹ́rìn-ín, a sì jù ú sínú iná.