Ìràwọ̀ Ni, Kì Í Ṣe Drone

Kò sí ọdún tí ọyẹ́ dé tí àhesọ yìí kì í bá a dé. Ẹnìkan ní Ponyan á rí iná kan ní apá ìlà-oòrùn lálẹ́: ó ń ṣẹ́jú, ó pọ́n, ó di búlúù, ó tún funfun. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọ̀rọ̀ ti dé orí WhatsApp pé drone àwọn ajínigbé ni, pé wọ́n ń ṣọ́ ìlú. Àwa tí a wà ní yunifásítì lọ́nà jíjìn náà á sì tún fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Lójú tiwa, ọ̀rọ̀ náà kò le: ìràwọ̀ ni, ó sì yẹ kí a lè dá a mọ̀ kí a tó ké gbàjarè.

A kò fi ìbẹ̀rù ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ọ̀rọ̀ ajínigbé kì í ṣe àlọ́ ní ilẹ̀ Yàgbà. Ìdí gan-an nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ìràwọ̀ yìí fi ká wa lára. Àwọn ọdẹ tí ń ṣọ́ ìlú kò pọ̀, oorun sì ń kùn wọ́n bí ó ṣe ń kùn wá. Bí a bá fi ìràwọ̀ jí wọn lálẹ́ mẹ́ta, ta ni yóò dìde ní alẹ́ kẹrin tí alùpùpù àjèjì bá dún lẹ́yìn ìlú?

Sirius ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pe ìràwọ̀ náà. Òun ni ó mọ́lẹ̀ jù nínú gbogbo ìràwọ̀ òru. Ọdún 8.6 ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ fi ń rìn kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Èyí tí ẹ bá rí lálẹ́ òní ti gbéra láti ìgbà tí púpọ̀ nínú wa ṣì ń wọ ṣòkòtò péńpé lọ sí ilé ìwé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kejìlá, nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni ó ń yọ. Lójoojúmọ́ ni ó ń fi ìṣẹ́jú mẹ́rin yá ju ti àná lọ, tó fi jẹ́ pé nígbà ọdún tuntun, kò pẹ́ tí ilẹ̀ ṣú tí ó fi ń yọ. Àsìkò tí àwọn ọmọ ìlú wálé Kérésì nìyẹn, tí iná bá sì lọ, ìta ni gbogbo wa ń jókòó sí.

Ìràwọ̀ náà kọ́ ni ó ń ṣẹ́jú, afẹ́fẹ́ ayé ni. Nígbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, inú afẹ́fẹ́ púpọ̀ ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń gbà kọjá, èyí tó gbóná àti èyí tó tutù, wọ́n sì ń tì í síhìn-ín sọ́hùn-ún, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ẹ wo òkè ààrò tí iná ń jó: ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á máa gbọ̀n. Bẹ́ẹ̀ náà ni.

Bí ẹ bá rí i, ẹ dúró síbì kan, kí ẹ fi igun òrùlé ṣe àmì, kí ẹ wò ó fún ìdajì wákàtí. Yóò máa gòkè díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú àwọn ìràwọ̀ tó yí i ká. Bàálù àti sátẹ́láìtì yóò ti kọjá láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Drone kékeré tí wọ́n fi ń ya fọ́tò níbi ìgbéyàwó, agbára káká ni bátìrì rẹ̀ fi ń tó ìdajì wákàtí. Ìràwọ̀ mẹ́ta tí ó tò gbọọrọ wà lókè rẹ̀. Ẹ tẹ̀ lé ìlà wọn wá sísàlẹ̀, ẹ ó bá a níbẹ̀. Ẹ má sì fi pe Àgùàlà, nítorí Àgùàlà mọ́lẹ̀ jù ú lọ, kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣẹ́jú, ẹ kò sì lè rí i láàárín òru. Bí iná náà bá ń rìn kiri, tí ó ń sọ̀ kalẹ̀, tí ẹ gbọ́ ohùn bíi ti oyin, ó yá, ẹ pe àwọn ọdẹ.

Ohun tó ń bí wa nínú ni pé Yorùbá ti mọ ìràwọ̀ yìí tipẹ́. A. B. Ellis, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní 1894 pé ìràwọ̀ ọkọ̀ ni àwọn Yorùbá ń pè é, nítorí wọ́n gbà pé ó ń tọ́ àwọn atukọ̀ sọ́nà. Gbogbo ayé ń ṣe àríyànjiyàn nípa Sirius àwọn Dogon ní Mali láti 1950 tí Griaule àti Dieterlen ti kọ̀wé lé e lórí. Ní 1991, van Beek ní òun kò bá ìmọ̀ náà lọ́wọ́ wọn. Tiwa wà nílẹ̀, a kò kọ́ ọ ní kíláàsì. Inú Harry Potter ni àwọn kan nínú wa ti kọ́kọ́ gbọ́ Sirius!

Kí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Ponyan fi alẹ́ kan sílẹ̀ nínú ọlidé Kérésì, kí a jáde pẹ̀lú àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì, kí a sì bẹ àwọn ọdẹ kí wọ́n bá wa jókòó, torí àwọn ló ń bá òru gbé. Tí Oṣù Kẹta bá fi wọlé, iná kan náà yóò ti ga lókè ní aago mẹ́jọ ààbọ̀ alẹ́, kò ní ṣẹ́jú tó bẹ́ẹ̀ mọ́, kò sì ní sí ẹni tí yóò kọ nǹkan kan nípa rẹ̀ sórí WhatsApp.