Kí Áàpù Tó Wọ Kíláàsì, Ẹ Jẹ́ Kó Gba Ilé-Ìkàwé Kọjá

Nígbà tí àrùn Kòrónà ti ilé-ẹ̀kọ́ pa lọ́dún 2020, ìjọba gbé ẹ̀kọ́ sórí rédíò àti tẹlifíṣàn, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni sì sáré gba orí WhatsApp, Zoom àti Google Classroom lọ. Ilé-ẹ̀kọ́ ti wọlé padà tipẹ́, àmọ́ eré náà kò tíì dáwọ́ dúró. Olùkọ́ kan á rí áàpù lórí fóònù rẹ̀, á ní kí gbogbo ọmọ kíláàsì òun lọ dáńlóòdù rẹ̀. Onílé-ẹ̀kọ́ mìíràn á gbọ́ pé wọ́n ń lo nǹkan tuntun ní òdìkejì títì, òun náà á sanwó. Òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé, tó jẹ́ pé ṣíṣe àṣàyàn ohun tí ọmọ yóò kà niṣẹ́ tó kọ́, ló máa ń gbẹ́yìn gbọ́. Lójú tèmi, òun ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́, kí áàpù tàbí ìkànnì kankan má sì wọ kíláàsì títí òun yóò fi tú u wò dáadáa.

Èrò yìí kì í ṣe tuntun nílẹ̀ wa. Ní 1973, Ọ̀jọ̀gbọ́n Felicia Adetowun Ogunsheye, obìnrin àkọ́kọ́ tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Nàìjíríà, dá ilé-ìkàwé ọmọdé kan sílẹ̀ nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, èyí tí wọ́n ń pè ní Abadina Media Resource Centre. Ohun àfojúrí àti ohun àfetígbọ́ wà lára ohun èlò ibẹ̀ pẹ̀lú ìwé. Ìyẹn ni pé kí íntánẹ́ẹ̀tì tó dé ọ̀dọ̀ wa rárá, àwọn àgbà iṣẹ́ yìí ti gbà pé ohunkóhun tí ọmọ bá lè fi kẹ́kọ̀ọ́, abẹ́ ilé-ìkàwé ló wà.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rọ dé, a kò fi bẹ́ẹ̀ rántí èrò yẹn mọ́. Ní 2013, ìjọba Ọ̀ṣun lábẹ́ Gómìnà Rauf Aregbesola gbé Ọpọ́n Ìmọ̀ jáde fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíríàmà àgbà: tábúlẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kó ìwé ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá sí nínú, tí kò nílò dátà. Mi ò sí lára àwọn tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó ronú pé kó má nílò dátà mọ ibi tí bàtà ti ń ta ọmọ wa lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ la pariwo lé lórí jù. Ẹni tí yóò máa wò ó nínú ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, pé ẹ̀kọ́ yìí yé ọmọ, pé ìwé yẹn ti di ti àtijọ́, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu wa. Ẹ̀rọ ṣeé rà lọ́jọ́ kan, ohun tó wà nínú rẹ̀ ló ń fẹ́ ìtọ́jú lójoojúmọ́.

Ẹ wo bí iṣẹ́ yíyẹ ohun èlò wò yìí ṣe rí. Ọ̀fẹ́ ni ìkànnì ẹ̀kọ́ Khan Academy, ẹ̀kọ́ ìṣirò rẹ̀ sì dára, àmọ́ kíláàsì ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n fi tò ó. Ọmọ SS2 ní Ògbómọ̀ṣọ́ tó bá dá wọ ibẹ̀ lè ṣe wákàtí kan láìrí ohun tí olùkọ́ rẹ̀ ń kọ́ lọ́sẹ̀ náà. Ẹni tó ti jókòó fi í wé sìlábọ́ọ̀sì WAEC ló lè sọ pé fídíò méjì yìí ni kí ẹ wò, ẹ fi ìyókù sílẹ̀. Kahoot, eré ìbéèrè orí íntánẹ́ẹ̀tì, máa ń dá ọmọ lára yá, ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí íntánẹ́ẹ̀tì wà lójú ẹsẹ̀; yóò ṣòro fún ilé-ẹ̀kọ́ tó fòfin de fóònù láti lò ó. Kolibri àti Kiwix, àwọn ètò kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú ẹ̀kọ́ àti ìwé fún lílò láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, ló bá wa mu jù, ó sì ń yà mí lẹ́nu pé a kì í gbọ́ orúkọ wọn. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbé wọn sí, ẹ̀rọ Wi-Fi kékeré kan á sì pín in fún àwọn tó wà nínú yàrá láìná dátà kankan. Kiwix lè gbé Wikipedia Yorùbá pàápàá, tí àyọkà inú rẹ̀ ti lé ní 30,000. Púpọ̀ nínú wọn kúrú, òmíràn ò sì dára tó. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹnì kan ti kà á ṣáájú.

Ọ̀rọ̀ àṣírí ọmọ tún wà níbẹ̀. Ní 2022, àjọ Human Rights Watch yẹ ohun èlò ẹ̀kọ́ orí ayélujára tó lé ní 160 wò, èyí tí ìjọba orílẹ̀-èdè 49 fọwọ́ sí lásìkò Kòrónà. Nǹkan bí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ló ń ṣe ohun tó lè tẹ ẹ̀tọ́ ọmọ lójú, bíi títọpinpin wọn. Òfin tí Nàìjíríà ṣe lórí ààbò dátà ní 2023 ní kí òbí fọwọ́ sí i kí wọ́n tó gba ìsọfúnni ọmọ. Ta ló ń ka àdéhùn gígùn yẹn kí ọmọ tó tẹ "mo gbà"?

Wọ́n á ní kò síná. Òótọ́ ni, ìdí sì nìyẹn tá a fi nílò ẹni tó mọ èyí tó lè ṣiṣẹ́ lórí bátìrì àti sólà. Wọ́n á ní olùkọ́ ló mọ iṣẹ́ rẹ̀, kó yan tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Olùkọ́ tó ń kọ́ kíláàsì mẹ́fà kò ráyè dán áàpù mẹ́wàá wò. Òun ni yóò pinnu, àmọ́ ẹlòmíràn ni kó ti ṣà á sílẹ̀ fún un. Àtakò tó le jù ni pé ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, ibi tí wọ́n ń kó àga tó ti kán sí ni ilé-ìkàwé, òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kò sì ju olùkọ́ tí wọ́n fún ní kọ́kọ́rọ́ lọ. Mi ò lè jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n orí kọ̀ǹpútà ni gbogbo ọmọ ti ń ṣe ìdánwò JAMB láti 2015, kò sì sí ẹni tó béèrè bóyá ilé-ẹ̀kọ́ wọn ti ṣe tán. Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ni níṣẹ́ ilé-ìkàwé fún ohun tó lé ní ọgọ́ta ọdún. Nígbà tí TESCOM, àjọ tó ń gba olùkọ́ fún ìjọba, bá tún fẹ́ gba òṣìṣẹ́, kí wọ́n ya àyè sọ́tọ̀ fún àwọn tó kàwé nípa rẹ̀, kí wọ́n fún wọn ní láptọ́ọ̀pù kan àti pẹ́ríọ́dù méjì lọ́sẹ̀ nínú táìmùtébù, kí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ má sì buwọ́ lu owó áàpù kankan tí orúkọ wọn kò sí lórí ìwé rẹ̀.