Ojú Ọ̀run Tó Ẹyẹ Fò

Bí aláta méjì bá ń du oníbàárà mọ́ ara wọn lọ́wọ́, ìyálọ́jà á ní kí wọ́n rọra, ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kan ara wọn. A kì í bi ìyálọ́jà bí ojú ọ̀run ọ̀hún ti fẹ̀ tó.

David Hilbert, onímọ̀ ìṣirò ará Jámánì, fi ìtàn kan ṣàlàyé ohun tí kò lópin fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní Göttingen ní sáà 1924 sí 1925. Hòtẹ́ẹ̀lì kan wà tí yàrá rẹ̀ kò lópin, gbogbo rẹ̀ sì ti kún. Àlejò dé lóru. Wọ́n ní kí ẹni tó wà ní yàrá kìíní bọ́ sí ìkejì, kí ti ìkejì bọ́ sí ìkẹta, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Yàrá kìíní ṣófo, àlejò wọlé sùn. (Ẹni tí wọ́n jí lóru pé kó kó ẹrù ni kò ní í dákẹ́.)

Ṣé gbogbo ẹyẹ ni ojú ọ̀run wá gbà? Onímọ̀ ìṣirò mìíràn, Georg Cantor, ní rárá. Ní 1891, ó gbé ẹ̀rí kan jáde tí a lè fi dẹ́símà ṣàlàyé báyìí: ká gbìyànjú láti to gbogbo dẹ́símà tó wà láàárín 0 àti 1 sílẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ká ní 0.471… ló ṣáájú, 0.208… tẹ̀ lé e, 0.936… ṣe ìkẹta. Mú 4 tó wà níwájú nínú ti àkọ́kọ́, sọ ọ́ di 5. Mú 0 tó wà ní ipò kejì nínú ìkejì, sọ ọ́ di 1. Mú 6 tó wà ní ipò kẹta nínú ìkẹta, sọ ọ́ di 7. Máa bá a lọ bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà tó jáde, 0.517…, yàtọ̀ sí àkọ́kọ́ ní ipò kìíní, ó yàtọ̀ sí ìkejì ní ipò kejì, kò sì sí ibi tí a lè bá a nínú ohun tí a tò. Hòtẹ́ẹ̀lì Hilbert kò lè gbà wọ́n tán. Àìlópin kan ju òmíràn lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀sìn. Ẹni tó ń ké pe Ọba àìnípẹ̀kun á fẹ́ mọ ẹni tó tún ń bá a du oyè. Ohun tó kọ Kádínà Franzelin lóminú nìyẹn ní 1886. Cantor dá a lóhùn pé àìlópin tí òun ń kà ṣì ṣeé fi kún. Èyí tí kò ṣeé fi kún mọ́, ti Ọlọ́run nìkan ni. Ó tẹ́ kádínà lọ́rùn. Ìdáhùn náà tẹ́ èmi náà lọ́rùn, nítorí kò fi ìṣirò gba ipò ẹnì kankan.

Ẹni tí kò tẹ́ lọ́rùn ni Leopold Kronecker, olùkọ́ Cantor tẹ́lẹ̀ ní Berlin, tí kò fẹ́ gbọ́ ohunkóhun tó jẹ mọ́ àìlópin sétí. Cantor wá ipò olùkọ́ sí Berlin títí, kò rí i. Halle ló ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Àwọn tó ń jiyàn lórí ojú ọ̀run tí kò lópin ni wọ́n fara gbún ara wọn yìí!

Síbẹ̀, nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìṣirò Jámánì fẹ́ ṣe ìpàdé àkọ́kọ́ wọn ní Halle ní 1891, Cantor tó jẹ́ ààrẹ wọn pe Kronecker pé kó wá sọ̀rọ̀. Ìjàǹbá orí òkè pa ìyàwó Kronecker ní oṣù kẹjọ, kò lè wá. Ìpàdé yẹn ni Cantor ti gbé ẹ̀rí tuntun rẹ̀ lórí àìlópin tó ju òmíràn lọ kalẹ̀. Ní oṣù Kejìlá, Kronecker náà kú.