Kọ́ìlì Kan Ló Kú, Ẹ Sin Mẹ́rin

Ẹ̀yin ọmọ mi mẹkáníìkì Kábà, mo ní ẹjọ́ bá yín rò.

Kí Corolla kan ṣáà ti máa jáàkì, kí iná ṣẹ́ẹ̀kì ẹ́ńjìnnì tàn, ọ̀rọ̀ bùṣe: "Màmá, kọ́ìlì ti kú, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin la máa pààrọ̀." Ta ló bá yín yẹ̀ ẹ́ wò? Babaláwo pàápàá, kó tó sọ ohun tó ń ṣe ọ́, á kọ́kọ́ da ọ̀pẹ̀lẹ̀ sílẹ̀.

Láyé Pìjó 504, èyí tí wọ́n ń tò ní Kàdúná láti 1975, kọ́ìlì kan ṣoṣo ló ń fún sìlíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin níná. Bó bá kú, ọkọ̀ dákẹ́ nìyẹn, kò sí àríyànjiyàn. Corolla 2003 tó kún ìgboro báyìí kò rí bẹ́ẹ̀. Sìlíńdà kọ̀ọ̀kan ló ní kọ́ìlì tirẹ̀ tó jókòó lé plọ́ọ̀gì lórí, tó ń gba vóòtì 12 láti bátìrì, tó ń sọ ọ́ di ohun tó ju 20,000 lọ kí plọ́ọ̀gì tó lè ṣáná. Ọ̀kan lè ṣàìsàn kí mẹ́ta yòókù le koko. Oore ni wọ́n fi èyí ṣe fún ọlọ́kọ̀, ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ di ọ̀nà ọ̀fun yín.

Àyẹ̀wò tí mo ń wí kò ná yín ní kọ́bọ̀. Sìkánà sọ pé P0302: sìlíńdà kejì kò jó dáadáa. Kò dárúkọ kọ́ìlì o! Ẹ pa ọkọ̀, ẹ fi sípánà tẹ́ẹ̀nì tú kọ́ìlì kejì àti ẹ̀kẹta, ẹ gbé wọn pààrọ̀ ara wọn, ẹ pa kóòdù rẹ́, ẹ wa ọkọ̀ díẹ̀. Bí P0303 bá yọjú, ọwọ́ ti ba ọ̀daràn, nítorí àìsàn tẹ̀lé kọ́ìlì lọ. Bí P0302 bá tún padà, kọ́ìlì kò mọwọ́ mẹsẹ̀; ẹ lọ wo plọ́ọ̀gì, ẹ wo ínjẹ́tọ̀. Àkókò tí ẹ fi ń jiyàn bọ́ọ̀lù ju èyí lọ.

Bó bá sì jẹ́ kọ́ìlì lóòótọ́, kí ló pa á? Ibí gan-an ló ti ń bí mi nínú. Mo dúró ti ọmọ kan bó ṣe ń fa kọ́ìlì yọ. Rọ́bà ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń kán ọ́ìlì tó, tó, tó. Ọ́ìlì dúdú ti dágún sínú ihò plọ́ọ̀gì. Ó nu ọwọ́, ó ki kọ́ìlì tuntun bọ inú rẹ̀. Mo ní kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Ó ní, "Baba, yóò jó dànù." Kì í jó dànù, ọmọ mi! Rọ́bà tó yí ihò náà ká lábẹ́ tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà ló ti gan, òun ló ń jò. Bí ẹ kò bá pààrọ̀ rẹ̀, ọ́ìlì yóò ba tuntun jẹ́ bó ṣe ba ti àná jẹ́, iná yóò sì máa yà bá irin ẹ́ńjìnnì kó tó dé ẹnu plọ́ọ̀gì. Bẹ́ẹ̀ náà ni plọ́ọ̀gì tí ẹnu rẹ̀ ti jẹ, tó ti là kọjá mìlímítà 1.1: iṣẹ́ àṣekú ló ń gbé fún kọ́ìlì. Ẹnu wáyà ńkọ́? Ike rẹ̀ ti gbẹ, ẹ fi skrudráfà yọ ọ́ tipátipá, ó kán, ẹ fi téèpù dì í. Ṣé ọ̀nà Kábà sí Ìsánlú ni kò ní gbọ̀n ọ́n yọ?

Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ má rẹ́rìn-ín. Iná ṣẹ́ẹ̀kì ẹ́ńjìnnì ń ṣẹ́jú, ẹ ní kí ẹ dé Ọbajànà ná! Epo tí kò jó ń wọ kátálísítì inú ẹsọ́ọ̀sì lọ, ibẹ̀ ló ti ń jó, tó sì ń yọ́ ọ. Sìlíńdà mẹ́ta lẹ tún fẹ́ fi ya tírélà sìmẹ́ńtì sílẹ̀.

Mo padà sọ́dọ̀ ẹ̀yin mẹkáníìkì. Ìyá oníṣu tí ẹ gba owó kọ́ìlì mẹ́rin lọ́wọ́ rẹ̀ kò béèrè òkú wọn, torí kò mọ̀. Èmi ń béèrè. Mẹ́ta tó ṣì ń ṣiṣẹ́, tí ẹ nù mọ́ tí ẹ tò sínú páálí pé tòkunbọ̀ ni, ẹ kó wọn padà fún un kí ilẹ̀ òní tó ṣú.