ÀWỌN OLÙKỌ́ WA TÍ Ń FI IṢẸ́ SÍLẸ̀

Ẹ̀yin Ọba Aládé, ẹ̀yin ìjòyè, àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ìlú gbogbo, ọ̀rọ̀ àwọn olùkọ́ ilé-ìwé ni a fẹ́ bá yín sọ ní oṣù yìí. A ń gbọ́ ọ ní ìpàdé àwọn òbí, a sì ń gbọ́ ọ láàfin, pé olùkọ́ kò sí mọ́. Pé ẹni tí ó kọ́ ọmọ wa ní ìṣirò ní èṣí ti di òṣìṣẹ́ báńkì, pé ẹni tí ń kọ́ni ní sáyẹ́ǹsì ti rékọjá sí Ìlú Ọba, àti pé ẹni tí ó kù ń tajà lẹ́yìn ilé-ìwé kí ó tó lè bọ́ ọmọ tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa dá àwọn tí ó lọ lẹ́bi, wọn a ní ìfẹ́ owó ni ó gbé wọn lọ. Ní ti àwa, a rò pé ó tọ́ kí a kọ́kọ́ bi ara wa léèrè ohun tí àwa tí a kù nílé ṣe tí wọ́n fi lọ.

Kì í ṣe báyìí ni ọ̀ràn náà rí ní àtijọ́. Nígbà tí a dá St. Andrew's College sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́ ní 1896, àti Wesley College ní Ìbàdàn ní 1905, àwọn tí ó ti ibẹ̀ jáde di ojú ìlú. Tíṣà ni ó ń ka lẹ́tà fún baálẹ̀, òun ni ó ń bá ìlú kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí Ajẹ́lẹ̀, òun ni a sì ń fi ọ̀ràn lọ̀ kí a tó rán ọmọ lọ sí ẹ̀yìn odi. Iṣẹ́ olùkọ́ ni Fágúnwà ń ṣe lọ́wọ́ nígbà tí Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938. Ọdúnjọ tí ó kọ Aláwìíyé, olùkọ́ ni òun náà. Ẹni tí ó bá tọpa ìwé Yorùbá lọ sí orísun rẹ̀, ẹnu ọ̀nà ilé olùkọ́ ni yóò já sí.

Ṣùgbọ́n kí a má tan ara wa: ọlá wà nígbà náà, owó kò sí. Nítorí ìyà tí ń jẹ wọ́n ni àwọn olùkọ́ ṣe kó ara wọn jọ ní 1931, tí wọ́n dá Ẹgbẹ́ Àwọn Olùkọ́ Nàìjíríà sílẹ̀, tí wọ́n sì fi Àlùfáà I. O. Ransome-Kuti ṣe Ààrẹ wọn. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, iye ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò sókè láti nǹkan bí 457,000 ní ọdún tí ó ṣáájú sí ohun tí ó lé ní 811,000. A kò kábàámọ̀ iṣẹ́ ńlá náà. Òun ni ó sọ wá di ohun tí a jẹ́. Ṣùgbọ́n láti rí ẹni tí yóò dúró níwájú àwọn ọmọ wọ̀nyí, a ní láti gba ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò kọ́ṣẹ́. Bí olùkọ́ ti ń pọ̀ sí i, tí iṣẹ́ ọ́fíìsì àti iṣẹ́ òwò sì ń mú owó tí ó ju tirẹ̀ lọ wálé, ọlá tí ó jẹ́ èrè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí dín kù, owó kò sì wá dípò rẹ̀.

Kí ni ń lé wọn lọ lónìí? Àkọ́kọ́ ni owó oṣù. Kì í ṣe pé ó kéré nìkan, ṣùgbọ́n a kì í lè fọkàn tẹ̀ ẹ́. Ní 2015, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ jẹ àwọn òṣìṣẹ́ lówó fún oṣù púpọ̀, títí Ìjọba Àpapọ̀ fi ní láti ràn wọ́n lọ́wọ́ kí wọ́n tó lè san án. Òtítọ́ ni pé owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí òfin fi lélẹ̀ ti kúrò ní náírà 30,000 ti ọdún 2019, ó sì di náírà 70,000 ní 2024. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń náwó lọ́jà mọ̀ pé iye gààrí àti ìrẹsì kò dúró de òfin náà. Àwọn mìíràn sì ń bẹ tí a fún ní ìwé ìgbéga, tí owó ìgbéga náà kò dé ọwọ́ wọn lẹ́yìn ọdún méjì tàbí mẹ́ta. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Èkejì ni pé a kì í gba ọ̀dọ́ olùkọ́ tọwọ́tẹsẹ̀. Ọjọ́ tí ó bá dé ni a ó gbé kíláàsì tí ó kún jù lé e lọ́wọ́, èyí tí àwọn àgbà ti sá fún. Kò sí ẹni tí yóò bá a wo ìwé ìmúrasílẹ̀ rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò jókòó lẹ́yìn kíláàsì kí ó sọ fún un pé, ibí yìí ni o ti ṣe é dáadáa, ibí yìí ni kí o tún ṣe. Bí a bá rán an lọ sí ìletò, kò ní ríbi sùn. Ìdá ńlá nínú owó oṣù rẹ̀ ni yóò san fún ọlọ́kadà. Ṣé ẹni bẹ́ẹ̀ yóò pẹ́?

Ẹ̀kẹta ni pé kò sí ọ̀nà ìgbéga fún olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́, bí kò ṣe kí ó fi kíláàsì sílẹ̀. Bí ó bá fẹ́ ipò àti owó tí ó sàn, yóò di ọ̀gá ilé-ìwé, tàbí kí ó wá àga sí ọ́fíìsì ìjọba. Báyìí ni a ṣe ń fi ọwọ́ ara wa mú ẹni tí ó mọ ọmọ kọ́ jù kúrò níwájú àwọn ọmọ.

Ẹ̀kẹrin ni ẹ̀gàn. A ti rí òbí tí ó wọ inú kíláàsì lọ bá olùkọ́ jà lójú àwọn ọmọ. A sì ti sọ ọ́ di àṣà láti máa wí pé ọ̀run ni èrè olùkọ́ wà. Àwa kò jiyàn èrè ọ̀run, ṣùgbọ́n onílé tí ó ń gba owó ilé kì í dúró dé ọ̀run.

Ní oṣù kejì ọdún 2023, ìjọba Ìlú Ọba ṣílẹ̀kùn fún àwọn olùkọ́ Nàìjíríà tí ó tóótun láti gba ìwé-àṣẹ olùkọ́ ti England láìtún padà lọ kọ́ṣẹ́ náà. Ní pàtàkì, olùkọ́ ìṣirò, ti sáyẹ́ǹsì àti ti èdè ni wọ́n ń fẹ́. Àjọ UNESCO sì wí ní 2024 pé gbogbo ayé yóò nílò olùkọ́ mílíọ̀nù 44 sí i kí ó tó di 2030, pé mílíọ̀nù 15 nínú wọn jẹ́ ti ilẹ̀ Áfíríkà tí ó wà ní gúúsù Sàhárà. Nítorí náà, àwọn ọlọ́rọ̀ ayé yóò máa wá àwọn tiwa lọ, bí a kò bá mọ̀ wọ́n lò.

A gbóríyìn fún òfin ọdún 2022 tí ó jẹ́ kí olùkọ́ lè ṣiṣẹ́ dé ẹni ọdún 65, tàbí kí ó lo 40 ọdún lẹ́nu iṣẹ́. Ó dára fún àwọn àgbà. Ṣùgbọ́n ẹni ọdún 27 tí ìyà ń jẹ kì í ro ti ọdún 65. Ohun tí yóò jẹ ní oṣù yìí ni ó ń rò.

Ẹnìkan lè wí pé iṣẹ́ ìjọba ni gbogbo èyí, pé kí ni ó kan ọba àti ìjòyè. A dáhùn pé ọ̀pọ̀ ilé-ìwé tí a ní lónìí, àwọn bàbá wa ni ó fi ilẹ̀ wọn àti owó kòkó kọ́ wọn. Iṣẹ́ ìjọba ni láti san owó oṣù, kí ó sì dá ipò olùkọ́ àgbà sílẹ̀, tí owó rẹ̀ yóò bá ti ọ̀gá ilé-ìwé dọ́gba, láìjẹ́ pé onítọ̀hún kúrò ní kíláàsì. Iṣẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé ni láti fi àgbà kan ti ọ̀dọ́ olùkọ́ lẹ́yìn fún ọdún méjì àkọ́kọ́, kí ó sì dín ẹrù rẹ̀ kù.

Iṣẹ́ tiwa ni èyí. Kí ìlú kọ̀ọ̀kan fi ilẹ̀ sílẹ̀ nítòsí ilé-ìwé, kí a kọ́ ilé mẹ́rin tàbí mẹ́fà fún olùkọ́. Owó tí a ń ná sórí màlúù àti ìlù ní ọjọ́ ìlú, bí a bá yọ díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ́dọọdún, yóò ṣe é. Bí owó oṣù olùkọ́ bá pẹ́ ju oṣù méjì lọ, kí ọba àti ìjòyè tọ gómìnà lọ, bí wọ́n ti ń lọ nítorí ọ̀nà tí ó bàjẹ́. Kí òbí tí ó bá gbọ́wọ́ sókè sí olùkọ́ wá dáhùn láàfin. Oyè tí a sì ń kó fún olówó, kí a ya díẹ̀ nínú rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ẹni tí ó ti fi ogún ọdún kọ́ ọmọ ìlú.

Ọ̀ràn yìí kan èdè wa pẹ̀lú. Ní 1970, Fáfúnwà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà gbáko, ó sì hàn gbangba pé ọgbọ́n àwọn ọmọ náà kò dín, àní nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣe é fi olùkọ́ tí ó dé lónìí, tí yóò lọ lọ́la, ṣe. Bí a ti ń pariwo pé èdè Yorùbá ń kú lọ, ẹ jẹ́ kí a wo ẹni tí a fi sílẹ̀ láti máa kọ́ ọ.

Ní ìpàdé ìlú yín tí ń bọ̀, ẹ pe ọ̀gá ilé-ìwé yín. Ẹ bi í léèrè iye olùkọ́ tí ó ti lọ láàárín ọdún márùn-ún, àti ibi tí olúkúlùkù gbà lọ. Lẹ́yìn náà, kí ẹ bèèrè iye tí ń múra àtilọ. Àwọn wọ̀nyí ni ọwọ́ ṣì lè bà, bí a bá tètè dìde.